Màrìwò ní Àjà Kẹrìnlá

Àwọn tí ìwé kún orí wọn kọ́ ni ara wọn ń le jù. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù kẹwàá tó kọjá ni wọ́n tún fi yé mi dáadáa, nígbà tí Búrọ́dà Dáramọ́lá gbé òṣùwọ̀n tí ènìyàn ń gùn wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Etobicoke, ní Toronto.

Lẹ́yìn ìsìn ni. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tíì, ó gba máìkì, ó ní ètò tuntun ti dé, orúkọ rẹ̀ ni Ìlera Pípé Kí Kérésì Tó Dé. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù kejìlá, kò sí ṣúgà, kò sí iyán, kò sí ẹran ọlọ́ràá. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni a ó máa gun òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó bá fọn jù lọ ni yóò ṣáájú ijó ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Kérésì.

Dáramọ́lá yìí kì í ṣe dókítà. Ilé iṣẹ́ kan ní Mississauga ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ títí ìdí rẹ̀ fi ń kú. Ṣùgbọ́n ó ti wo fídíò mẹ́ta nípa ìlera, ohun tí ó kù kí a máa pè é ní dókítà kò ju kóòtù funfun lọ.

Ọkọ ọmọ mi, Démọ́lá, ni wọ́n fi ṣe igbákejì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti ń rùn. Atalẹ̀, aáyù, orógbó àti ọsàn wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò dà sínú bílẹ́ńdà láàárọ̀ kùtù, yóò lọ̀ ọ́ títí gbogbo ilé yóò fi jí. Yóò wá dúró tì wá bí ọ̀gá ilé ìwé títí a ó fi mu ún. Ọmọ ọmọ mi, Àyànfẹ́, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, fi imú kan ife náà, ó ní, "Grandma, I can't."

Mo ní, "Di imú rẹ, kí o rántí ọ̀run."

Démọ́lá tún bẹ̀rẹ̀ eré sísá. Nínú òtútù tí ń bó ènìyàn létí, yóò wọ ṣòkòtò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yóò sáré yí àwọn ilé gíga àdúgbò wa ká, yóò padà wá pẹ̀lú ikun nímú.

Mo ní, "Démọ́lá, ta ló ń lé ẹ?"

Ó ní, "Mọ́mì, kò sẹ́ni tó ń lé mi. Ìlera ni mò ń lé."

Mo ní, "Ó jọ pé ìlera mọ eré sá jù ẹ́ lọ."

Èmi kò gun òṣùwọ̀n wọn. Ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀. Ìwé ọkọ̀ òfuurufú mi wà nínú Bíbélì mi, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá, láti Toronto sí Èkó. Ìwó ni mò ń lọ, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Kúbúrá, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ọmọ mẹ́sàn-án ni ìyá wa bí, àwa méjì ló kù. Ojú wọn sì ti ń ṣú. Lọ́dún tó ṣáájú, mo ti di ẹrù tán nígbà tí ikọ́ mú mi nínú oṣù kọkànlá. Ikọ́ di òtútù àyà, ọmọ mi Ọlárónkẹ́ sì fagi lé ìrìn àjò náà. Nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù láti wí fún wọn, wọn kò bínú. Wọ́n kàn ní, "Àwẹ̀ró, tọ́jú ara rẹ. Ṣùgbọ́n ojú mi kò ṣèlérí pé òun ó dúró dè ọ́ o."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí.

Lọ́dún yìí, Ọlárónkẹ́ ti fi òfin lélẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, mo ń sọ ọ́ fún yín tẹ́lẹ̀ o. Bí ẹ bá fi lè wúkọ́ kí ọjọ́ yẹn tó pé, ẹ ò lọ síbì kankan. N ò fẹ́ kí wọ́n pè mí pé ìyá mi dákú sínú bàálù."

Mo ní mo gbọ́. Ọmọ tí mo fún lọ́mú ló di ìmígíréṣọ̀n mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Àyànfẹ́ mú mi lọ sí kẹ́míìsì ìsàlẹ̀ ilé wa, kí wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ fúlù. Nígbà tí a padà dé, Démọ́lá ń mi orí bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

"Mọ́mì, ẹ ò mọ nǹkan tí wọ́n fi sínú ẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o mọ nǹkan tó wà nínú àgbo tí ò ń rà lọ́wọ́ obìnrin Scarborough yẹn, tí ó ń rọ ọ́ sínú ìgò ọṣẹ?"

"Ìyẹn, ewé ni."

"Ewé wo?"

Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo fi ojú bupá hàn án, èyí tí àwọn oníbupá bù fún mi ní Ìwó nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo ní, "Nígbà tí wọ́n bu èyí fún mi, bàbá rẹ kò tíì máa fọ ẹnu fúnra rẹ̀. Mo ṣì wà láyé. Lọ mu aáyù rẹ."

Oṣù kọkànlá kò tíì dé ìdajì tí a fi wá Dáramọ́lá tì lọ́jọ́ Ìsinmi. Fúlù ti dá olórí ètò ìlera dùbúlẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn wa ṣe. Àwọn mọ́kàndínlógún ni wọ́n lọ kí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nínú ilé oníyàrá kan àti pálọ̀. Démọ́lá wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún mi, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó ní wọ́n ti gbogbo fèrèsé kí òtútù má baà kọlu aláìsàn. Ó ní wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n gbàdúrà fún ìṣẹ́jú ogójì. Dáramọ́lá ń wúkọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń ṣe àmín, ó sì ń fi ọwọ́ kan náà di ti aládùúgbò rẹ̀ mú. Nígbà tí àdúrà parí, ó ní kí wọ́n gbé àgbo atalẹ̀ rẹ̀ wá, kí olúkúlùkù bu ẹnu kàn án, kí àìsàn má baà ràn wọ́n.

Mo ní, "Nínú ife mélòó?"

Ó ní, "Ẹyọ kan ni, Mọ́mì. Ìrẹ́pọ̀ ni."

"Ìrẹ́pọ̀ ni lóòótọ́. Fúlù náà á ti bá yín rẹ́."

Ní ọjọ́ kẹrin, Sìsítà Oyèyẹmí tí ó di ọwọ́ ọ̀tún Dáramọ́lá mú ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn méjìlá lọ kí i. Lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́rin nínú àwọn méjìlá náà dùbúlẹ̀, a tún pín ara wa láti lọ kí wọn. Fúlù kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ìlú yìí rárá. Àwa là ń fi mọ́tò wa gbé e káàkiri, láti Etobicoke dé Scarborough, pẹ̀lú kúlà oúnjẹ gbígbóná ní ìjókòó ẹ̀yìn.

Èmi ti sé ara mi mọ́lé. Mo ní orúnkún ń dùn mí, n kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ó ku ọjọ́ márùndínlógún kí n gbéra, Démọ́lá ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ Ẹtì, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ọlárónkẹ́ sé e mọ́ yàrá wọn, ó ń gbé oúnjẹ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Èmi àti Àyànfẹ́ wọ yàrá kejì, a ṣí fèrèsé díẹ̀, a ń fọ ọwọ́ bí ẹni tí ó pa ènìyàn. Mo rò pé bí a bá lè ṣe báyìí fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ á bùṣe.

Ibi tí mo ti ń rò ó ni fóònù Ọlárónkẹ́ ti dún. Sìsítà Oyèyẹmí ni, ara rẹ̀ ti yá. "A ń bọ̀ wá kí Búrọ́dà Démọ́lá lọ́la, agogo mẹ́rin. A ò pọ̀."

Ẹni tó bá mọ̀ wá mọ̀ pé "a ò pọ̀" kì í dín ní ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mo ní, "Ọlárónkẹ́, sọ fún wọn kí wọ́n má wá."

"Háà, Mọ́mì! Kí ni kí n sọ pé ó ṣẹlẹ̀?"

"Sọ pé ọkọ rẹ ń ṣàìsàn."

"Ìdí tí wọ́n fi ń bọ̀ nìyẹn!"

"Sọ pé ẹ ò sí nílé."

"Ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ibo ló fẹ́ lọ?"

"Ó dáa, sọ pé ìyá rẹ ni kò fẹ́."

Ó wò mí, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, nígbà tí mo bí Àyànfẹ́, tí ẹ ò tíì dé Kánádà, àwọn obìnrin yìí ló wá wẹ̀ ẹ́ fún mi. Nínú yìnyín. Fún odidi oṣù kan. N ò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn."

Òótọ́ ló sọ. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n. Àwọn ènìyàn dáadáa yìí ló sì fẹ́ fi inúure dá mi dúró sí Toronto lẹ́ẹ̀kejì.

Mo jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo ń rántí Ìwó. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ilẹ̀ gbóná, tí àìsàn tí a kì í dárúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án wọ àdúgbò wa. Ẹ̀gbọ́n mi Kúbúrá ló kọ́kọ́ mú ní ilé wa, nígbà tí ìgbéyàwó wọn ku oṣù mẹ́ta. Bàbá wa ń kírun wákàtí márààrún, wọn kì í bọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n gé màrìwò, wọ́n fi kọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá wá kí wa, ìdí igi ìyeyè ni yóò dúró sí, yóò pariwo "Ẹ kú ìrọ́jú o!" yóò gbé oúnjẹ lé orí òkúta, yóò sì máa lọ. Ìyá wa nìkan, tí àìsàn náà ti mú rí, ló ń wọlé tọ̀ wọ́n. Ní àràárọ̀, èmi á dúró síta, màá ké pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ jí?" Wọ́n á fi ìka kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó lé ní oṣù kan kí n tó rí ojú wọn. Agbo ilé tó kángun sí tiwa, àwọn ní àwọn ò lè lé àlejò. Ènìyàn méje ni wọ́n gbé jáde níbẹ̀.

Bí mo ṣe gbé ojú sókè ni mo rí imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n pín fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Ẹ̀yìn fọ́tò ìgbéyàwó Ọlárónkẹ́ ni mo kì í bọ̀ láti oṣù kẹrin. Ó ti gbẹ. Mo wọ́n omi sí i kí ó má baà kán, mo fi èékánná ya á wẹ́wẹ́ títí ó fi fọ́n ká bí ìrùngbọ̀n. Nígbà tí agogo mẹ́rin ọjọ́ kejì ku díẹ̀, tí Ọlárónkẹ́ ń dín adìyẹ fún àwọn àlejò ní kíṣìnnì, mo yọ́ jáde, mo fi rọ́bà irun Àyànfẹ́ so ó mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa níta, ní àjà kẹrìnlá, níbi tí iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti tàn sí i gbòò.

Agogo márùn-ún kọjá kí àwọn alágogo-mẹ́rin tó dé. Mo gbọ́ lífìtì tó ṣí, mo fi ojú sí ihò ilẹ̀kùn. Dáramọ́lá ló ṣáájú, ó ti gbẹ bí pańla, ó ṣì ń wúkọ́. Oyèyẹmí gbé kúlà tẹ̀ lé e. Mo ka mẹ́rìndínlógún.

Dáramọ́lá gbé ọwọ́ láti kan ilẹ̀kùn. Ọwọ́ náà dúró sókè.

"Kí... kí lèyí?"

Oyèyẹmí yọjú. "Yéè! Màrìwò ni!"

"Màrìwò? Ní Kánádà?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Brother, ẹ má fọwọ́ kàn án!"

"Mo ti ń sọ ọ́ pé ìyá yẹn máa ń wo ènìyàn ju bó ṣe yẹ lọ," ni obìnrin kan wí.

Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹni tó ń gbé inú ilé yìí, ṣé fúlù náà ló ń ṣe é?"

Dáramọ́lá ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà, ẹ̀yin ará."

Oyèyẹmí ní, "Ẹ bá wa gbà á láti ìsàlẹ̀."

Gbogbo wọn yípadà lẹ́ẹ̀kan náà. Lífìtì ti lọ. Wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ bí ẹni ń gún ata. Àwọn tí wọ́n ti ń wí láti oṣù kẹwàá pé ẹ̀yìn àti orúnkún kò jẹ́ kí àwọn ṣe eré ìdárayá, mẹ́ta nínú wọn ló gba àtẹ̀gùn. Àjà mẹ́rìnlá! Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn bí ó ti ń rọ̀jò lọ sísàlẹ̀. Bí Dáramọ́lá bá ní láárí ni, ì bá ti gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì.

Wọ́n gbàgbé kúlà. Nígbà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pa rọ́rọ́, mo gbé e wọlé. Ìrẹsì pupa ni, ó ṣì ń rú èéfín.

Ọlárónkẹ́ ké láti kíṣìnnì, "Mọ́mì, ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?"

Mo ní, "Àwọn ará ìjọ ni. Wọ́n ní kí n kí yín."

A ò tíì jẹun tán tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọlárónkẹ́ gbọ́ ti àkọ́kọ́, ó jáde lọ wo ilẹ̀kùn, ó padà wọlé, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti bà mí jẹ́." Ó sunkún. Ìyẹn dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n n kò já màrìwò náà. Mo ní, "Sọkún, ọmọ mi. Bí o bá sunkún tán, wò ó bóyá mo wúkọ́."

Lọ́jọ́ Ajé ni Pásítọ̀ Adésànyà wá fúnra wọn. Àwọn nìkan ni, wọ́n mú ìgò òróró lọ́wọ́. Mo ṣílẹ̀kùn díẹ̀.

"Ẹ káàsán, Mama."

"Ẹ káàsán, Pásítọ̀. Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn, ibẹ̀ náà dára."

"Mama, wọ́n ní ẹ gbé nǹkan kọ́ ilẹ̀kùn."

"Òun rèé. Ẹ wò ó dáadáa."

Wọ́n na ọrùn, wọ́n yọ gíláàsì, wọ́n tún wọ̀ ọ́. Òwú àlùkò kan wà ní ìdí imọ̀ náà. Ìyàwó Pásítọ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ di òwú yẹn mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pín fún wa.

Wọ́n ní, "Mama... ti ṣọ́ọ̀ṣì nìyí."

"Ọwọ́ yín ni mo ti gbà á. Ẹ gbàdúrà lé e lórí. Ṣé àdúrà yín ló wá di oògùn lára ilẹ̀kùn?"

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fara ti ògiri. Mo wá sọ fún wọn nípa Ìwó, nípa yàrá ẹ̀yìn àti ẹ̀gbọ́n mi, àti bí mo ṣe kùnà láti lọ lọ́dún tó ṣáájú. Ẹ̀rín wọn dáwọ́ dúró. Wọ́n ní, "N ó ṣàlàyé fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi."

"Ẹ má tíì ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún."

"Mama, ṣé ẹ fẹ́ kí n purọ́ ni?"

"N ò ní kí ẹ purọ́. Mo ní kí ẹ dákẹ́. Ṣé ìkéde mìíràn ò sí ni?"

Wọ́n dúró díẹ̀ síi, wọ́n ń yí ìgò òróró lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ilé mẹ́sàn-án ni mo ṣì fẹ́ kí lọ́sẹ̀ yìí. Gbogbo ẹni tí mo bá kí ló ń wá kí mi padà. Ìyàwó mi ti ń sín láti àná." Wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n wo iwájú, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Mama, ṣé ẹ lè bá mi ya díẹ̀ níbẹ̀?"

Mo ya á sí méjì. Wọ́n rọra kì í bọ àpò kóòtù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òróró.

Démọ́lá jáde ní yàrá ní ọjọ́ kẹfà, láìsí ẹni tó di í lọ́wọ́ mú. Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì oṣù kejìlá, wọ́n gun òṣùwọ̀n ìkẹyìn. Dáramọ́lá ló gba ipò kìíní, nítorí fúlù ti gba kílò mẹ́fà lára rẹ̀. Ó dúró níwájú ìjọ, ó ní atalẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá, àwọn ará ìjọ wá sìn mí ní pápákọ̀ òfuurufú, nítorí ẹ̀rù kò lè borí àṣà. Àwọn mọ́kànlá dúró lápá ibẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n ń juwọ́ sí mi. "Ó dàbọ̀ o, Mama! Olúwa á sìn yín lọ!" Ẹnìkan kò sún mọ́ mi, ẹnìkan kò bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo juwọ́ padà sí wọn, mo sì súre fún wọn tọkàntọkàn. Ọlárónkẹ́ nìkan ló dì mọ́ mi. Ó fi etí lé àyà mi bí dókítà.

"Ẹ ò wúkọ́?"

"N ò wúkọ́."

"Ẹ máa lọ," ló wí, ó sì tún ń sunkún, ṣùgbọ́n irú ẹkún mìíràn ni.

Ojú ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Ó ti lọ láti oṣù kẹsàn-án, wọ́n kàn ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi ni. Mo jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì ní Ìwó. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi kan ojú mi, imú mi, ọrùn mi, wọ́n tọ apá mi gòkè títí ìka wọn fi bá bupá. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí.

Wọ́n ní, "Àwẹ̀ró, ìwọ nìyí." Wọ́n sì fi ìka kan igi bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

A ò tíì tu ara wa sílẹ̀ tí àgbàlá fi kún fún àwọn tí ó wá kí ará Kánádà. Ilẹ̀kùn ń ṣí, wọ́n ti ń rọ́ wọlé. Láàárín wọn, ẹnìkan hú ikọ́, ikọ́ gidi tí ó ti ìsàlẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò ríran gbé orí sókè.

"Ta nìyẹn?" ni wọ́n pariwo. "Padà síta! Ìdí igi ìyeyè ni kí o ti kí i!"